Búrékì ni kóo kọ́kọ́ ṣe, fi ọ̀dà sílẹ̀ ná

Àbúrò mi tó ní òun ra kẹ̀kẹ́ ológeere tòkunbọ̀ ní Láfẹ́nwá, tó dípẹtà, tó ń bi wá pé ṣé kóun gbé e lọ fún àwọn tó ń fín ọ̀dà, jọ̀ọ́ má tíì náwó lórí ọ̀dà o. Abẹ́òkúta la wà, kò síbi tóo máa yà sí tóò ní gòkè tàbí kóo sọ̀ kalẹ̀, tóo bá wá ń sọ̀ bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ Olúmọ tí búrékì ò mú ńkọ́?

Fúrémù ni kóo yẹ̀ wò kóo tó ná kọ́bọ̀, fi àkísà nù ún dáadáa, wo gbogbo ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, pàápàá lábẹ́ àńdù. Tó bá ti sán níbẹ̀, dá a padà fẹ́ni tó tà á fún ẹ. Ìpẹtà orí lásán ò le, fi fọ́ìlì tí wọ́n fi ń wé oúnjẹ àti omi ha á, á lọ.

Wáyà búrékì, ra tuntun, méjèèjì. Wáyà àtijọ́ kan já mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà tí mò ń sọ̀ kalẹ̀, inú gọ́tà ni mo bá ara mi, látìgbà yẹn mi ò kí ń fi ti àtijọ́ sílẹ̀ bó ti wù kó dán tó. Rọ́bà búrékì tó ti gan náà, yọ ọ́ dànù, kóo sì rí i pé rímù ni tuntun ń fọwọ́ bà, kì í ṣe táyà. Wá mú máágnẹ́ẹ̀tì ara sípíkà tó ti bàjẹ́, fi kan rímù yẹn, tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni, irin tómi bá sì ti kàn, búrékì ò ní tètè mú un, nítorí náà tójò bá ń rọ̀, bọ́ sílẹ̀ lórí ẹ̀ kóo máa tì í.

Táyà ńkọ́, ka nọ́ńbà ara ẹ̀ kóo tó lọ ọjà. 26 x 1.95 àti 26 x 1 3/8 ò lè wọ rímù kan náà o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 26 làwọn méjèèjì, àwọn tó ń tà á gan-an máa ń ṣì í.

Pẹ́dà apá òsì, òdìkejì ló ń tú sí, má fipá yí i bíi ti nọ́ọ̀tù yòókù, sípánà 15 ló sábà máa ń gbà. Tí ò bá mira, fín WD-40, òróró tó ń tú ìpẹtà, sí i, jẹ́ kó sùn mọ́jú.

Ṣéènì, fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, fi òdo rúlà sí àárín ìṣó kan, ó yẹ kí àárín ìṣó mìíràn bọ́ sórí ínṣì 12 géérégé, tó bá ti fi 1/16 ínṣì lé, pààrọ̀ ṣéènì yẹn kó má baà jẹ eyín jíà.

Tóo bá tò ó tán, ibi tó tẹ́jú ni kóo ti dán an wò. Di búrékì iwájú mú kóo tì í síwájú, táyà ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ gbéra nílẹ̀, tó bá ṣì ń yí lọ, fa wáyà yẹn le sí i.