Ọmọ tó lọ kí ìyá rẹ̀ lókè òkun: mọ́sáláṣí ni àbí ẹ̀gbẹ́ ìyá?

Ìbéèrè: As-salaamu alaykum, Àlùfáà. Ó ti tó ọdún 12 tí màmá mi ti ń gbé lókè òkun. Ọ̀sẹ̀ 3 ni ìsinmi tí mo gbà, mo sì kó ìyàwó àti ọmọ mi méjèèjì wá kí wọn. Mọ́sáláṣí kan wà nítòsí ilé wọn, mo wá pinnu pé n ó máa gba ààwẹ̀ aṣegbọrẹ lójoojúmọ́, n ó sì máa jókòó síbẹ̀ kéwú láti alaasari títí a ó fi kí ìṣáì. Lánàá ni wọ́n bi mí pé, “Ọmọ mi, ṣé èmi lo wá wò ni, àbí mọ́sáláṣí?” Ṣé kí n dín ìjọsìn mi kù nítorí wọn ni? Ṣé mo sì lè máa dín ìrun kù gẹ́gẹ́ bí onírìn-àjò?

Ìdáhùn: Wa alaykumu s-salaam. Ìbéèrè kejì ló rọrùn jù, ẹ jẹ́ kí a tètè yanjú rẹ̀. Lójú ọ̀nà, ẹ lè sọ ìrun onírakáà mẹ́rin di méjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó dé ibi tó ń lọ, tó sì ti pinnu àtilò ju ọjọ́ 4 lọ níbẹ̀, ìrun rẹ̀ ní láti pé lójú àwọn onímímọ̀ Màlíkì àti Sháfíì, méjì nínú àwọn ìlànà òfin ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Ọjọ́ 15 ni ti ìlànà Hánáfì. Ọ̀sẹ̀ 3 ju méjèèjì lọ, nítorí náà ẹ máa kí ìrun yín pé, kí ẹ sì máa lọ sí Jímọ̀.

Ní ti ìbéèrè kìíní, màmá yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn rẹ̀ fúnra wọn. Ẹnikẹ́ni kò ní kí ẹ fi ìrun ọ̀ranyàn sílẹ̀ nítorí òbí, ṣùgbọ́n kéwú àti ààwẹ̀ tí ẹ sọ yìí, aṣegbọrẹ ni, ṣíṣe dáadáa sí òbí sì jẹ́ ọ̀ranyàn. Nínú hádíìsì (ọ̀rọ̀ Ànábì) tí Bukhari àti Muslim gbà wá sínú ìwé wọn, Juraij, olùjọsìn kan ní ayé àtijọ́, ń kírun lọ́wọ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ pè é. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé, “Olúwa mi, ìyá mi rèé, ìrun mi rèé,” ó sì kọjú sí ìrun rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ìyá fi bínú, tó sì bẹ Ọlọ́hun pé kí Ó má ṣe pa á títí yóò fi rí ojú àwọn aṣẹ́wó. Àdúrà náà gbà: obìnrin kan parọ́ oyún mọ́ ọn, àwọn èèyàn sì wó ilé ìjọsìn rẹ̀, kí ìkókó náà tó lanu jẹ́rìí pé Juraij kọ́ ni bàbá òun. Imam Nawawi, onímímọ̀ tó ṣàlàyé ìwé hádíìsì Muslim, sọ pé dídá ìyá lóhùn ni ì bá tọ́ sí Juraij, nítorí pé ìrun aṣegbọrẹ ló ń kí. Màmá tiyín kò ṣépè. Ìbéèrè ni wọ́n béèrè, ẹ sì ṣoríire.

Ẹ tún wo Suuratul Israai nínú Al-Kùránì, ẹsẹ 23, níbi tí Ọlọ́hun ti ní kí a má ṣe sọ “ṣíọ̀” sí òbí tó bá dàgbà lọ́dọ̀ wa. “Lọ́dọ̀ rẹ” ni ọ̀rọ̀ náà. Fún ọmọ tí òkun wà láàárín òun àti ìyá rẹ̀, ọ̀sẹ̀ 3 yìí gan-an ni ìyá náà fi wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ lọ kí ìrun ọ̀ranyàn pẹ̀lú jámáà, kí ẹ sì padà sílé. Bí ara màmá bá gbé e, kí ẹ jọ lọ. Ẹ kéwú yín nínú yàrá tí wọ́n jókòó sí, kí àwọn ọmọ ka Faatiha sí wọn létí, kí màmá sì máa bá àwọn ọmọ tún ibi tí ahọ́n ti kọsẹ̀ ṣe. Bí wọ́n bá ń to oògùn ọ̀sẹ̀ kan sínú àpótí rẹ̀, ẹ bá wọn mú ìgò dání, kódà bí wọn kò bá nílò ìrànlọ́wọ́. Ní ti ààwẹ̀, ìlànà Màlíkì, tó le jù lórí kí èèyàn ṣínu ààwẹ̀ aṣegbọrẹ tó ti bẹ̀rẹ̀, ṣì yọ òbí sílẹ̀: bí ó bá jẹ́ pé àánú ọmọ ló mú kí wọ́n ní kí ó ṣínu, ó lè ṣínu. Bí màmá bá gbé oúnjẹ síwájú yín tí wọ́n sì fẹ́ kí ẹ jọ jẹ ẹ́, ẹ jẹ ẹ́.

Kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí, ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn fún ọjọ́ tó ti kọjá. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.