Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Họ́ọ̀pù Rẹpẹtẹ, Ìkorò Díẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra agolo bíà kan ní Peckham, 440 mìlílítà, wọ́n kọ "Double IPA" àti 8% sí i lára. Ìkorò ni mo mọ IPA (irú bíà tí òdòdó họ́ọ̀pù pọ̀ nínú rẹ̀) mọ́. Èyí rú, ó ń ta sánsán bíi máńgòrò, kò sì korò. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni? Báwo ló ṣe yẹ kí n tọ́ ọ wò? (Òǹkàwé kan, London)

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́ rárá, bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn. Ìpínlẹ̀ Vermont ní Amẹ́ríkà ni irú bíà yìí ti gbilẹ̀, níbi tí ilé ìpọntí The Alchemist ti ń pọn Heady Topper, tí agbára tiẹ̀ náà jẹ́ 8%. Ní 2018, Brewers Association, ẹgbẹ́ àwọn apọntí Amẹ́ríkà, fún un ní àyè tirẹ̀ nínú ìwé ìlànà wọn.

Họ́ọ̀pù, òdòdó tí wọ́n fi ń pọn bíà, kò dín nínú rẹ̀. Àsìkò tí wọ́n dà á sí i ló yàtọ̀. Àsídì inú họ́ọ̀pù kì í fi bẹ́ẹ̀ korò nínú bíà àfi bó bá hó lórí iná. Bí wọ́n bá sè é fún 60 ìṣẹ́jú, ìkorò á jáde, òróró tó ń ta sánsán á sì bá ooru lọ. Àwọn tó ń pọn irú tiyín yìí á pa iná, wọ́n á jẹ́ kí ooru omi mọ́ọ̀tì náà (omi ọkà tí wọ́n fi ń pọn bíà) rọlẹ̀ dé nǹkan bí 80 dígírì sẹ́ńtígíréèdì kí wọ́n tó da díẹ̀ sí i. Èyí tó pọ̀ jù, nǹkan bí 10 sí 20 gíráàmù sí lítà kan, ó di ìgbà tí yíìsì, tó ń sọ ṣúgà di ọtí, bá ń parí iṣẹ́ tàbí tó ti parí rẹ̀ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú ọtí láìfi iná kàn án. Àlìkámà àti óòtì ló mú un rú, tó sì mú un kì lẹ́nu.

Ní ti títọ́ ọ wò, ẹ mú un kúrò nínú fíríìjì ní ìṣẹ́jú 10 sí 15 ṣáájú, kó lè dé 8 sí 10 dígírì. Bó bá tutù jù, òórùn kò ní jáde. Ife wáìnì tí ẹnu rẹ̀ fún ju ikùn rẹ̀ lọ ló dára jù. Ẹ fi omi ṣan án dáadáa, torí ọṣẹ tàbí òróró tó bá kù nínú rẹ̀ á pa ìfófòó. (Wọ́n kọ ọ́ sára agolo Heady Topper pé inú agolo ni kí a ti mu ún. Ẹni tó fẹ́ gbádùn lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ tọ́ ọtí wò nílò ife.)

Ẹ bu nǹkan bí 150 mìlílítà, kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, ní kúkúrú kúkúrú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ife, ẹ rọra yí i po, ẹ tún gbóòórùn. Bí agolo bá dárúkọ họ́ọ̀pù, ó ti fi ọ̀nà hàn yín: Citra máa ń mú òórùn ọsàn àti máńgòrò wá, Nelson Sauvin ti New Zealand sì máa ń jọ àjàrà funfun. Òórùn bọ́tà, bíi gúgúrú tí wọ́n fi bọ́tà sí, àléébù ni: họ́ọ̀pù tí wọ́n rẹ sínú rẹ̀ ló fọ́ ṣúgà tó kù, yíìsì tún jí, wọn kò sì dúró kó parí iṣẹ́ kí wọ́n tó dì í.

Ẹ wá mu díẹ̀, ẹ jẹ́ kó yí gbogbo ahọ́n ká, ẹ gbé e mì, kí ẹ sì fi imú mí síta. Nínú èémí yẹn ni èso náà ti máa ń hàn jù. Ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Ìkorò díẹ̀ yẹ kó dé, kó sì tètè lọ. Kò yẹ kó lẹ̀ mọ́ ahọ́n bí ewúro tí a kò fọ̀. Bí kò bá sí ìkorò kankan, adùn á tètè sú yín, àléébù lèyí náà.

Ẹ ṣọ́ra fún agbára rẹ̀ o. Nǹkan bí 35 mìlílítà ọtí gidi ló wà nínú agolo yẹn. Ìgò ńlá 60 sẹ̀ǹtílítà tó jẹ́ 5% ní 30. Adùn ló ń bò ó mọ́lẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí irú bíà yìí ń jó mi lọ́fun, pàápàá ìsàlẹ̀ agolo? (Manchester)

Ìdáhùn: Ègé họ́ọ̀pù tí kò tíì rọlẹ̀ ni. Ọtí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé agolo náà dúró nínú fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ẹ má mì í, kí ẹ sì fi nǹkan bí 30 mìlílítà sílẹ̀ nísàlẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń dà á.

Ìbéèrè: Àbúrò mi kó agolo mélòó kan wá sí Èkó láti Amẹ́ríkà. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ni mo kó wọn sí fún oṣù méjì. Nígbà tí mo ṣí ọ̀kan, ó ti dúdú, ó ń rùn bíi páálí tó rẹ. (Èkó)

Ìdáhùn: Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn díẹ̀ tó wọlé nígbà tí wọ́n ń dì í, pẹ̀lú ooru Èkó, ló bà á jẹ́. Kò sí irú bíà tí èyí tètè ń ṣe tó bẹ́ẹ̀. Òórùn èso ló máa ń kọ́kọ́ lọ, adùn bíi oyin á gbapò rẹ̀, àwọ̀ ofeefee á di ti ilẹ̀. Kò ní pa yín, àmọ́ kò sí ohun tí ẹ lè tọ́ wò níbẹ̀ mọ́. Inú fíríìjì ni kó máa wà láti ọjọ́ tí ẹ bá gbà á, kí ẹ sì mu ún láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ sí ọjọ́ tí wọ́n dì í. Ẹ yẹ ìdí agolo wò. Ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń tẹ ọjọ́ náà sí.

Ìbéèrè: Ṣé ó bá sùyà lọ?

Ìdáhùn: Bí yájì kò bá pọ̀. Ọtí tó lágbára máa ń mú ata jóni sí i. Wàrà díndín tó níyọ̀ díẹ̀ tàbí àkàrà gbígbóná ló bá a mu jù. Ẹ tọ́ bíà náà wò tán kí ẹ tó fi oúnjẹ kan ẹnu.