Ẹ Bi Ọmọ Ọdẹ: Ìbọn 22 tí wọ́n ní ó kéré jù

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi tó wà ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé ni mo gbé wá. Ó wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ìbọn yíyìn ṣeré ìdárayá. Ìbọn ìléwọ́ 22, èyí tí ọta rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ni wọ́n fi kọ́ ọ, òun náà sì ra tirẹ̀. Nígbà tó ní òun fẹ́ bá wọn ṣe eré tí wọ́n ń pè ní TSV, èyí tí wọ́n máa ń sáré kiri tí wọ́n á sì máa yìnbọn, wọ́n ní ìbọn rẹ̀ kéré jù. Inú ń bí i. Ó ní torí òun ò lówó ni wọ́n ṣe lé òun. Ṣé òótọ́ ni? Ìbọn tó lè pa èèyàn, ṣé ó tún lè kéré jù fún eré? — Ìyá Ìbejì, Ṣábẹ̀ẹ́.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ilé, ẹ kú ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ọta 22 ń pa èèyàn, ó sì lè rìn ju kìlómítà kan lọ kó tó balẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè é ní nǹkan ìṣeré. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé agbára rẹ̀ kò tó iye tí òfin eré yẹn là sílẹ̀.

TSV ni orúkọ tí àwọn ará Faransé fún un. Ní gbogbo ayé, IPSC ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ọdún 1976 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Columbia, ní ìpínlẹ̀ Missouri l'Amẹ́ríkà, Jeff Cooper sì ni ààrẹ àkọ́kọ́. Ohun mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀: kí ọta bá ibi tí a wò, kó ní agbára, kó sì yá. Àbúrò yín ní ìkíní àti ìkẹta. Èyí tó wà láàárín ni kò sí lọ́wọ́ ìbọn rẹ̀.

Wọ́n ń ṣírò agbára yìí. Wọ́n á mú ìwúwo ọta ní grain, òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ọta, wọ́n á fi iye ẹsẹ̀ bàtà tó ń fò ní ìṣẹ́jú àáyá kan sọ ọ́ di púpọ̀, wọ́n á wá fi 1,000 pín in. Ọta 9 mílímítà tó wúwo tó grain 124, bó bá ń fò ní ẹsẹ̀ bàtà 1,050 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò fún wa ní 130. Ọta 22 tó jẹ́ grain 40, bó bá ń fò ní 1,050 kan náà, 42 péré ni. Iye tó kéré jù tí wọ́n ń gbà ni 125. Ẹ̀yin náà rí i pé kì í ṣe pé ó kù díẹ̀.

Owó ńkọ́? Ibẹ̀ ni àbúrò yín ti ní ìdájì òótọ́. Owó ọta 9 kan lè ra 22 méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń yìn igba ọta lọ́jọ́ Sátidé kan mọ ohun tí mo ń sọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí àti lé tálákà ni wọ́n ṣe fi òfin yẹn síbẹ̀. Máàkì tí èèyàn gbà ni wọ́n máa ń fi àkókò tó lò pín. Ẹni tó gba 60 ní ìṣẹ́jú àáyá 12 ní 5. Ẹni tó gba 60 yẹn náà ní ìṣẹ́jú àáyá 10 ní 6. Ìbọn 9 máa ń fò sókè lọ́wọ́ bó bá ti dún, ẹ gbọ́dọ̀ dá a padà kí ẹ tó yìn ín lẹ́ẹ̀kejì. 22 kì í fò bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá kó àwọn méjèèjì sínú eré kan náà, oní-22 ti ń lọ kí ẹnìkejì tó rí ojú àmì rẹ̀ padà. Àwọn oní-9 ni yóò wá kọ lẹ́tà sí mi nígbà yẹn. Irin kan tún wà tí wọ́n máa ń gbé kalẹ̀ tí ó gbọ́dọ̀ ṣubú bí ọta bá bà á. 9 ni wọ́n fi ń dán an wò. 22 lè kàn án gbàgà kó má mì.

Ìdí kan tó kù tí 22 kò fi bá eré yẹn mu ni mo mọ̀ jù, torí ọmọ ọdẹ Kétu ni mí, mo sì fi ọdún mẹ́sàn-án kọ́ àwọn ọmọ jandáámù ní ìbọn kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ní idẹ ọta méjì lórí tábìlì mi bí mo ti ń kọ èyí. Ẹ yí 9 sẹ́yìn, ẹ ó rí òbírí kékeré láàárín ìdí rẹ̀ bí ìdodo ọmọ. Ibẹ̀ ni irin ìbọn ń gún tó fi ń gbiná. Ẹ yí 22 náà, kò ní ìdodo. Etí ìdí rẹ̀ tó ká jáde bí etí àwo, inú ibẹ̀ ni ohun tó ń gbiná fara pamọ́ sí. Bí kò bá tẹ́ yí etí náà ká dáadáa, tí irin sì gún ibi tó ṣófo, “kẹ́” lásán ni ẹ ó gbọ́.

Ó ṣe mí rí. Mo ṣì jẹ́ ọmọ tuntun, 22 mi dún “kẹ́”, mo yí ìbọn sí ara mi kí n wo ohun tó ṣe é. Ìgbátí tí ọ̀gá wa fún mi, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Ọta tó kọ̀ láti dún lè ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dún. Ẹnu ìbọn gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi àmì, kí a ka 30 kí a tó ṣí i. Nínú eré tí èèyàn ti ń sá lọ sá bọ̀, ẹ fojú inú wò ó.

Síbẹ̀, tí wọ́n bá bi mí, màá ní kí wọ́n gba 22 wọlé. Kí ó ní orúkọ tirẹ̀ àti èsì tirẹ̀, kí wọ́n fi páálí ṣe àmì, tàbí irin tó kàn ń dún tí kò ní láti ṣubú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é nínú eré ìbọn mìíràn tí wọ́n ń pè ní Steel Challenge. Irin márùn-ún ló máa ń wà níwájú yìnbọnyìnbọn, àkókò ni wọ́n ń kà. Oní-22 kì í yọ ìbọn láti inú àpò ìbàdí, ọwọ́ rẹ̀ ló ti máa ń wà, ẹnu rẹ̀ á dorí kọ ilẹ̀ níwájú. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Ọwọ́ tí kò tíì mọ ìbọn fà yọ ló sábà máa ń yìn ín mọ́ ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Kí àbúrò yín béèrè ní ẹgbẹ́ rẹ̀ bóyá wọ́n ní 9 tí wọ́n lè yá a fún TSV, kó sì máa fi 22 tirẹ̀ kọ́ ọwọ́ láàárín ọ̀sẹ̀. Bó bá wù ú kó máa fi 22 náà figagbága, eré 25 mítà ti Òlíńpíìkì wà níbẹ̀: ọta márùn-ún sí àmì márùn-ún, ní ìṣẹ́jú àáyá 8, lẹ́yìn náà 6, lẹ́yìn náà 4. Kó gbìyànjú ti 4 yẹn wò ná, kó tó gbà pé ìbọn òun kéré jù. Bó bá wálé fún ọdún, kó yà kí mi ní Àjàṣẹ́, ẹ̀yìn ọjà Ouando ni mò ń gbé. Màá fi idẹ méjèèjì hàn án.