Ṣé kí n padà sí Augusta nítorí owó gọ́ọ̀fù?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Augusta, ní ìpínlẹ̀ Georgia, ni èmi àti ìyàwó mi kọ́kọ́ gbé nígbà tí a dé Amẹ́ríkà. Òtẹ́ẹ̀lì ni mo ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí mo fi máa kúrò, èmi ni alábòójútó àwọn tó ń gbé oúnjẹ àríyá. Àna mi ló ní kí n wá sí Houston, kí n wá bá òun mójú tó iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù. Ọdún márùn-ún la fi ṣe é, iṣẹ́ náà ti dẹnu kọlẹ̀ báyìí. Ilé wa ṣì wà ní Augusta, ayálégbé ló wà nínú rẹ̀. Mo ń rò ó pé kí a padà, kí n wọ iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì, kí a sì máa fi ilé yá àwọn tó ń wá wo Masters, ìdíje gọ́ọ̀fù ńlá tó ń wáyé níbẹ̀ lọ́dọọdún. Wọ́n ní ìjọba kì í gba owó orí lórí ìyẹn. Mo ti lé ní ogójì ọdún, nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, ọmọ méjì ń lọ sílé ìwé. Kí ni kí n sì kọ sínú CV nípa ọdún márùn-ún yìí?
Bàbá Tèmi, Houston

Ìdáhùn

Bàbá Tèmi, ẹ kú ìrọ́jú. Mo fara mọ́ ọn pé kí ẹ padà. Ilé yín wà níbẹ̀, àwọn èèyàn mọ̀ yín níbẹ̀, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sì pọ̀ níbẹ̀ fún ìyàwó yín. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni pé kí ẹ gbé ìpadàbọ̀ yín lé orí gọ́ọ̀fù.

Ọ̀sẹ̀ kan ni Masters ń gbà lóṣù Kẹrin. Ẹ̀yin náà mọ bí Washington Road ṣe ń rí lọ́sẹ̀ yẹn: yàrá òtẹ́ẹ̀lì á gbówó lérí, ilé ìwé á gba ìsinmi, gbogbo ẹni tó lè gbé àwo oúnjẹ á ríṣẹ́. Lẹ́yìn náà, àlejò á tú ká. Tó bá sì di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, Augusta National fúnra rẹ̀, ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù tó ni pápá ìdíje náà, á tilẹ̀kùn títí di oṣù Kẹwàá. Ẹni tó ń ta àgbò mọ̀ pé Iléyá ni ọjà òun, síbẹ̀ kì í fi owó Iléyá nìkan ṣe bùkátà ọdún. Ní 2020, àrùn Kòrónà sún ìdíje náà sí oṣù Kọkànlá, wọn ò sì gba òǹwòran láyè rárá. Ẹni tó ti ka owó ọ̀sẹ̀ yẹn mọ́ owó ilé rẹ̀, ibo ló fẹ́ gbà?

Àwọn aláwọ̀ dúdú Augusta ti rí irú rẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn. Títí di 1982, àwọn agbápò ẹgbẹ́ náà, tí púpọ̀ nínú wọn wá láti àdúgbò Sand Hills, nìkan ló ń gbé àpò fún àwọn tó ń díje ní Masters. Ní 1983, wọ́n gba àwọn agbágọ́ọ̀fù láyè láti mú agbápò tiwọn wá. Ìpinnu kan péré ni, iṣẹ́ tí bàbá fi lé ọmọ lọ́wọ́ sì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ilé.

Ní ti owó orí, òótọ́ lẹ gbọ́, àmọ́ wọn ò sọ ọ́ tán fún yín. Òfin ìjọba àpapọ̀, Section 280A(g), sọ pé bí ẹ bá fi ilé tí ẹ̀ ń gbé yá èèyàn fún ọjọ́ tí kò tó 15 láàárín ọdún, ẹ ò ní ka owó náà mọ́ owó tó wọlé fún yín, ẹ ò sì ní yọ ìnáwó tí ẹ ṣe lórí rẹ̀. Ilé tí ayálégbé wà kò sí lára èyí. Ká ní ayálégbé yín kó jáde lóṣù Kẹfà, ọjọ́ tó ti lò lọ́dún yẹn ti kọjá 14 dáadáa, ìyẹn ni pé ọdún tó bá tẹ̀ lé e lẹ tó lè jẹ àǹfààní náà. Ẹ fi èyí han akántáǹtì. Kí ẹ sì tó gba àlejò, ẹ bi ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì yín bóyá wọ́n fara mọ́ ọn, kí ẹ bi ẹgbẹ́ onílé àdúgbò náà bí ó bá wà.

Ayálégbé ọ̀hún ńkọ́? Bí ìwé àdéhùn rẹ̀ ò bá tíì parí, ẹ ò lè lé e jáde torí pé ẹ̀ ń bọ̀ wálé. Bí kò bá sí àdéhùn tó ní gbèdéke, òfin Georgia ní kí onílé fún un ní ọjọ́ 60. Ẹ tún ní kí ẹnì kan bá yín wo òrùlé, nítorí igi tí ìjì Helene wó ní Augusta lóṣù Kẹsàn-án 2024 kì í ṣe kékeré.

Iṣẹ́ wá kù. Àwọn ibi tó ń sanwó láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá ni kí ẹ dojú kọ, àwọn ilé ìwòsàn ló sì ṣáájú. Láti 1828 ni ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti wà ní Augusta. Ilé ìwòsàn MCG (Medical College of Georgia) tó wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ ìlera Wellstar báyìí ńkọ́, Piedmont Augusta, Doctors Hospital, àti ti àwọn ajagunfẹ̀yìntì? Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni aláìsàn ń jẹun, Masters wá o, Masters ò wá o. Ẹni tó ti bójú tó oúnjẹ igba èèyàn lálẹ́ ọjọ́ kan lè bójú tó ilé ìdáná ilé ìwòsàn. Ẹ wo ìwé ẹ̀rí ServSafe yín, ti ìmọ́tótó oúnjẹ, ọdún márùn-ún ló ń lò. Ó ti ṣeé ṣe kí ó ti kú. Ẹ tún un ṣe kí ẹ tó kúrò ní Houston.

Ọ̀nà kejì ni iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù tí ẹ̀ ń wò bí àdánù. Àwọn ilé ìwòsàn yìí nílò ẹni tó mọ bí ẹrù ṣe ń wọlé àti bí ó ṣe ń jáde. E-Z-GO àti Club Car náà nílò rẹ̀, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ kéékèèké orí pápá gọ́ọ̀fù. (Houston ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ Club Car kí wọ́n tó gbé e wá sí Augusta, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ rin ọ̀nà yẹn.) Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ jẹ nínú gọ́ọ̀fù, èmi á fẹ́ kí ó jẹ́ níbi tí wọ́n ti ń sanwó lọ́sẹ̀ gbogbo.

Ẹnì kan máa ní kí ẹ lọ kọ́ iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, torí pé Army Cyber Command, ẹ̀ka ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó ń rí sí ogun orí kọ̀ǹpútà, ti kó wá sí bárékè Fort Gordon lẹ́bàá Augusta láti 2020. Ẹ rọra. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn ń béèrè ìwé àṣẹ àṣírí ìjọba, wọn kì í sì í fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Green card ò tó. Ẹ má tìtorí rẹ̀ yáwó kọ́ ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́ta kankan. Bí ẹ bá fẹ́ kàwé, Augusta Technical College wà níbẹ̀, ìpínlẹ̀ Georgia sì ní ìrànwọ́ owó ilé ìwé tí wọ́n ń pè ní HOPE fún irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n máa wo bí ó ti pẹ́ tó tí ẹ ti padà di ará Georgia, torí náà ẹ má ṣírò owó yẹn mọ́ ti ọdún àkọ́kọ́.

Ní ti CV, ẹ má fi ọdún márùn-ún yẹn pa mọ́, ẹ má sì fi “ọ̀gá àgbà” bò ó. Ẹ kọ orúkọ ilé iṣẹ́, ọdún tí ẹ bẹ̀rẹ̀ àti ọdún tí ẹ parí, àti ipò tí ìwé owó oṣù tàbí ìwé owó orí yín lè gbè lẹ́yìn. Lábẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ yín ni kí ẹ kọ: ọkọ̀ mélòó lẹ̀ ń tò sọ́nà lójúmọ́, awakọ̀ mélòó ló wà lábẹ́ yín, ta ló ń kọ ìwé owó, ta ló ń bá oníbàárà tó ń bínú sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá bi yín ìdí tí ẹ fi kúrò, “ilé iṣẹ́ náà ti kógbá sílé” ti tó. Ẹ má fi àna yín ṣe ìtàn níwájú ẹni tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́. Kódà, bí ọ̀rọ̀ bá ṣì wọ̀ láàárín yín, ẹ gba lẹ́tà ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀ nísinsìnyí tí fóònù ilé iṣẹ́ ṣì ń lọ.

Ẹ pe ọ̀gá yín àtijọ́ ní òtẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú, kì í ṣe láti tọrọ iṣẹ́, bí kò ṣe láti béèrè bóyá ó lè jẹ́rìí yín. Ẹ múra sílẹ̀ pé ọmọ tí ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé àwo lè ti di máníjà. Bí ó bá fún yín ní ipò tó kéré sí ti àná, ẹ wo owó rẹ̀ àti inṣọ́ránsì ìlera tó bá a wá kí ẹ tó wo orúkọ rẹ̀.

Texas àti Georgia jọ wà nínú àdéhùn láísẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì, torí náà bí ti ìyàwó yín bá jẹ́ èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ púpọ̀, ó lè fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ 60 tí ẹ bá ti kó dé, ó gbọ́dọ̀ kọ̀wé béèrè fún ti Georgia. Bí ó bá lè ṣeé ṣe, kí iṣẹ́ tirẹ̀ ṣáájú ìkólọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ ni ilé ìwé ń wọlé níbẹ̀, nítorí náà oṣù Kẹfà tàbí Keje ló yẹ kí ẹ kó. Ẹ má kó wá lóṣù Kẹta, owó ibùsùn ọ̀sẹ̀ kan lóṣù Kẹrin lè gbé gbogbo owó tí ẹ tọ́jú lọ. Bí ẹ bá ti ríṣẹ́ gidi jókòó, tí ẹ sì fẹ́ kún un, ẹ gba ìsinmi iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ Masters, kí ẹ forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ onígbà díẹ̀ kí ọdún tuntun tó wọlé.