Rírán ni bàtà àwọn Kọ́pítì, kì í ṣe ìṣó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìṣó tàbí gọ́ọ̀mù ló mú àtẹ́lẹ̀ bàtà àwọn Kọ́pítì, ìyẹn àwọn Kristẹni ilẹ̀ Íjíbítì ayé àtijọ́, dúró, torí ẹ ò rí ojú abẹ́rẹ́ níta, ẹ jẹ́ kí èmi tí ìka mi ti yi nídìí iṣẹ́ yìí dá sí i. Aránbàtà ni mí, mo ti rán irú ẹ̀ rí. Òdì ni wọ́n ti ń rán an, kí wọ́n tó yí i síta.

Ẹ̀yìn awọ, ìyẹn ibi tó kan ẹran, lẹ máa kọ síta. Ẹ wá fi òwú ọ̀gbọ̀ rán ojú bàtà mọ́ àtẹ́lẹ̀ yí po. Ìlu tẹ́ ẹ fi ń lu awọ ò gbọdọ̀ dé ojú tí yóò máa tẹ ilẹ̀ o! Ẹ̀yìn awọ ni kó ti wọlé, kó yọ ní etí rẹ̀ gan-an. Òwú tó bá ń fara kanlẹ̀, kíá ló ń já.

Wàhálà ibẹ̀ ni yíyí. Ẹ rẹ ẹ́ sómi kó rọ̀ dáadáa. Gìgísẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ yí, màá wá fi igi tórí rẹ̀ ṣe róbótó ti ẹnu bàtà jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá kánjú, òwú á ya awọ láti ihò dé ihò. Awọ tó nípọn ò sì gbà fún yíyí, ìdí tí àtẹ́lẹ̀ wọn fi máa ń fẹ́lẹ́ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó pẹ́ lẹ́sẹ̀, ẹ rán awọ mìíràn sábẹ́ rẹ̀ tẹ́ ẹ bá yí i tán.

Ní ti awọ, ewúrẹ́ ni mo fi ń ṣe ojú bàtà, màlúù ni àtẹ́lẹ̀. Láyé àwọn Fáráò, òróró àti álọ́ọ̀mù, irú iyọ̀ kan, ni wọ́n fi ń tọ́jú awọ, omi sì tètè ń bà á jẹ́. Ìgbà tí àwọn Gíríìkì àti Róòmù dé ni fífi èèpo àti èso igi pa awọ gbilẹ̀. Èso bagaruwa, igi ẹlẹ́gùn-ún kan, ni mo ń lò, èyí tí wọ́n fi ń pa awọ ní Kano. Igi yẹn náà ń hù létí odò Náílì.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ojúlówó, kó wo àwọn ti Akhmim, ìlú kan ní Íjíbítì, tó wà ní Victoria and Albert Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ìbọ̀sẹ̀ pupa tó ya àtàǹpàkò sọ́tọ̀ nítorí sálúbàtà náà wà níbẹ̀!

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbìyànjú ẹ̀, èyí tẹ́nu rẹ̀ ṣe róbótó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rán. Ẹ fi ẹlẹ́nu ṣóńṣó sílẹ̀ ná.