Ìmọ́lẹ̀ lórí ebè: ẹ má tíì dá fọ́múlà lẹ́bi

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ fi drone ya oko ẹ̀gẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, ẹ fi fọ́múlà tí wọ́n ń pè ní Ross-Li ṣírò bí oko náà ṣe ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, nọ́ńbà kejì nínú mẹ́ta tó mú jáde wá bọ́ sísàlẹ̀ òdo. Ó ti ṣe mí rí. Oṣù méjì ni mo fi ń wá àṣìṣe nínú kóòdù tí kò ní àṣìṣe kankan.

Igun tí ẹ ti ya á ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Nǹkan mẹ́ta ni Ross-Li ń wá: ìmọ́lẹ̀ tó ń padà bákan náà síbi gbogbo, èyí tí ewé ń fọ́n káàkiri láàárín ara wọn, àti ipa òjìji. Tí kámẹ́rà bá kọjú tààrà sísàlẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sí bí fọ́múlà yóò ṣe mọ ìkejì yàtọ̀ sí ìkẹta. Á kàn máa méfò ni. MODIS, ẹ̀rọ orí sátẹ́láìtì tó ń wo ilẹ̀ dé dígírì 55 sí ọ̀tún àti sí òsì, àwòrán ọjọ́ 16 ni wọ́n ń kó jọ fún ìṣirò kan. Èmi fò fún wákàtí kan péré, mo wá ń bínú sí fọ́múlà!

Mo padà lọ láàárọ̀, mo dẹ kámẹ́rà sí ẹ̀gbẹ́, mo fò tààrà síbi tí oòrùn wà, mo sì fò padà, ní àlọ àti àbọ̀. Nígbà tí oòrùn wà lẹ́yìn mi, gbogbo òjìji sá sẹ́yìn ewé àti ògúlùtu tó ni ín, oko mọ́lẹ̀ kedere. Nígbà tí mo kojú oòrùn, ó ṣú. Oko kan náà o! (Òjìji drone fúnra rẹ̀ máa ń bọ́ sáàárín ibi tó mọ́lẹ̀ jù yẹn. Ẹ gé e kúrò.)

Ebè ló wá dá mi lágara jù. Fọ́múlà yìí mọ ibi tí oòrùn àti kámẹ́rà wà síra wọn, kò mọ ibi tí ebè kọjú sí. Tí oòrùn bá dábùú ebè, òjìji kún aporo. Tó bá tọ ebè lọ, aporo mọ́lẹ̀. Ìgbà tí mo ya àwòrán méjèèjì sọ́tọ̀ ni ara tù mí. Ẹ má sì da ti ọjọ́ òjò pọ̀ mọ́ ti ọjọ́ gbígbẹ, ilẹ̀ tútù máa ń dúdú sí i.

Tí kò bá tíì gbọ́, ẹ yẹ bí ẹ ṣe ka igun oòrùn sí kámẹ́rà wò. Àwọn kan ń pè é ní 0 tí oòrùn bá wà lẹ́yìn kámẹ́rà, àwọn kan ń pe ohun kan náà ní 180.