Èsì fún Màmá Kúbwà: ṣé ẹgbẹ́ òṣèlú kan ni "Progressives" Amẹ́ríkà?

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà. Rárá, kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú kan; orúkọ àwọn tó ń fẹ́ àtúnṣe ìjọba àti àwùjọ Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1900 sí 1920 ni. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ yín fi dà bíi pé ó ń ta ko ara rẹ̀: ààrẹ Amẹ́ríkà ni Theodore Roosevelt àti Woodrow Wilson; ẹgbẹ́ Republican ni Roosevelt wà, ẹgbẹ́ Democrat ni Wilson wà, síbẹ̀ wọ́n ka àwọn méjèèjì mọ́ àwọn tó ń fẹ́ àtúnṣe. Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ sí nínú ẹgbẹ́ kankan: àwọn obìnrin tó ń jà fún ìbò, oníròyìn, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́.

Àyàfi bí ìbéèrè bá dárúkọ ọdún 1912. Lọ́dún yẹn, Roosevelt bínú kúrò nínú ẹgbẹ́ Republican, ó dá ẹgbẹ́ Progressive Party sílẹ̀, ó ṣe ipò kejì nínú ìdìbò ààrẹ, Wilson sì wọlé. (Mo fura pé orúkọ APC (All Progressives Congress) tiwa níbí ló ń da àwọn ọmọ rú.)

Bí wọ́n bá ní kó mú àpẹẹrẹ àtúnṣe ìgbà náà wá, kó mú iná ilé ìránṣọ Triangle ní New York, ọjọ́ 25 oṣù kẹta 1911. Òṣìṣẹ́ 146 ló kú, ọ̀dọ́mọbìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n ti ilẹ̀kùn kan pa mọ́ wọn! Lọ́dún yẹn kan náà ni ìpínlẹ̀ náà gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde, òfin tuntun sì tẹ̀lé e. Frances Perkins, tí iná náà ṣojú ẹ̀, di mínísítà ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní 1933.

Kó fi ẹ̀tọ́ ìbò obìnrin kún un: 1920 ni òfin fi í sínú ìwé òfin Amẹ́ríkà. Àwọn obìnrin Àríwá Nàìjíríà tiwa níbí, ó di ìdìbò 1979 kí wọ́n tó dìbò.